Òógùn Nínú Ọyẹ́

Òógùn ni Abọ́sẹ̀dé kọ́kọ́ rí. Ó sẹ̀ wínníwínní sórí ètè òkè obìnrin tó wà lórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá àwọn ìyálọ́mọ ló sì ti fi aṣọ bo èjìká. Mesié Mùhámmádù pàápàá, olùdánwò kejì, tí kì í gbà pé òtútù ń mú òun, wọ súwẹ́tà sábẹ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ta ló ń làágùn nínú irú òtútù yìí?

Abọ́sẹ̀dé rí i, kò sì sọ nǹkan kan. Ìdánwò ni wọ́n ń ṣe, olùdánwò kì í sì í sọ̀rọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Sokodé ló ti ń kọ́ni, ìdánwò ọ̀hún sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù ju gbogbo ìyókù lọ. Wọn yóò mú ọmọ wá síwájú aláìsàn tí kò rí rí. Ọmọ náà yóò yẹ aláìsàn wò, yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀, yóò sì sọ ọ́ jáde ní èdè Faransé: ohun tí òun rí, ohun tí òun rò pé ó fà á, ohun tí òun máa kọ́kọ́ ṣe. Kì í ṣe ohun tí wọ́n há sórí ni wọ́n ń wá. Ìrònú gan-an ni wọ́n fẹ́ rí, bó ṣe ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Àwọn olùdánwò méjì á jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, wọn ò gbọdọ̀ mi orí, wọn ò gbọdọ̀ wúkọ́, ẹ̀rín músẹ́ pàápàá kò sí níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè gbé wọn dìde. Tí ẹ̀mí aláìsàn bá fẹ́ wà nínú ewu, kí olùdánwò dá gbogbo ẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ ló máa ń ka òfin yẹn sétí àwọn olùdánwò tuntun.

Hàwáù ni orúkọ aláìsàn náà. Ó bímọ níjẹta. Ọkọ rẹ̀ ń fi alùpùpù gbé èrò kiri Sokodé, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti gbéra láti Kambolé, ìlú Abọ́sẹ̀dé, ó gba Tchamba wá pẹ̀lú àpò ìyẹ̀fun àgbàdo àti iṣu tó pọ̀ ju ohun tí yàrá ọmọ rẹ̀ lè gbà. Mesié Mùhámmádù ló yan Hàwáù fún ìdánwò náà láàárọ̀. "Ó bí i wọ́ọ́rọ́wọ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká fún ọmọ yẹn ní èyí tó rọrùn. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí."

Ọmọ yẹn ni Jàríátù. Ọmọ Kambolé lòun náà, agbo ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí ti bàbá Abọ́sẹ̀dé. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, ilé ló ń lọ nìyẹn, àti gbogbo ọdún tó fi gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Tchamba nítorí ìwé, àti gbogbo iṣu tí bàbá rẹ̀ tà, ó di òfo. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló mọ̀. Abọ́sẹ̀dé mọ̀ jù wọ́n lọ, torí òun ni àwọn ará Kambolé ń wá kí nílé tí ọjọ́ ìdánwò bá ti sún mọ́lé, òun ló sì máa ń dá wọn padà láti ẹnu ọ̀nà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún tí Abọ́sẹ̀dé kọ́kọ́ di olùdánwò, ọmọ Kambolé kan gba ipò kìíní. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí ọgbà. Ọmọ ìlú rẹ̀ ni, àbí ẹ ò mọ̀ ni? Àwọn elédè Yorùbá kò pọ̀ nílé ẹ̀kọ́ náà, àwọn elédè Tem ló kún ibẹ̀, bí ẹni méjì nínú wọn bá sì kíra pẹ́, ojú á ti wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Abọ́sẹ̀dé wọ eegun. Láti ìgbà náà, tí ọmọ ìlú rẹ̀ bá ti dúró níwájú rẹ̀, ó máa ń ti ojú rẹ̀ pa bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ sí i mọ́. Inú rẹ̀ a máa dùn sí i nígbà mìíràn pé kò sẹ́ni tó lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà.

Jàríátù kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ Hàwáù. "Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá. Ẹ kú ọwọ́ lómi."

"O ṣeun, ọmọ mi. Tìrẹ náà á dé láyọ̀."

Ó yíjú sí Hàwáù. "Báwo ni ara, ìyá ọmọ?"

"A dúpẹ́," ni Hàwáù wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà púpọ̀?"

Hàwáù wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá náà ló dáhùn. "Díẹ̀ ni. Bó ṣe máa ń rí náà ni."

Jàríátù fa aṣọ ìkélé yí gbogbo wọn ká, ó ṣí ìró Hàwáù wò. Aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó sọ ọ́ ní Faransé bó ṣe yẹ: aṣọ mọ́, ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀. Mesié Mùhámmádù fi máàkì sí i. Jàríátù wá di ọrùn ọwọ́ Hàwáù mú, ó ń wo aago, ó ń ka bí iṣan ṣe ń lù. Ó kà á tán, ojú rẹ̀ yí padà. Ó tún un kà. Ó fi ìka fa ìpéǹpéjú aláìsàn wálẹ̀, ó wò ó, ó tún wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Omi," ni Hàwáù wí.

Ìyá ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bu omi fún un. "Ẹ ò rí i bí? Ó ń mu omi bí ẹni tó ti oko dé. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bù ú."

Abọ́sẹ̀dé kà wọ́n pọ̀. Òógùn nínú ọyẹ́, òùngbẹ, iṣan tí ọmọ náà kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kí ó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń múra àtidìde, ó mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ó rò ó pé ọmọ yìí ti fẹ́ débẹ̀, ó ku díẹ̀, jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀. Abẹ́ èrò yẹn ni òmíràn wà, èyí tí kò fẹ́ wò dáadáa: bí òun bá dìde báyìí, wọ́n á ní nígbà tí òun rí i pé ọmọ Kambolé fẹ́ rì lòun dìde.

Ní àkókò náà gan-an ni Jàríátù gbójú sókè, ó sì wo ojú rẹ̀.

Ó wò ó pẹ́. Abọ́sẹ̀dé kò ṣẹ́jú. Ilẹ̀kùn wà ní títì pa.

Ojú ọmọ náà wálẹ̀. Ó gbé ọwọ́ Hàwáù padà sórí ibùsùn jẹ́jẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọmú. Ọmú ń sun dáadáa. Ọmọ ń mu ún. Kí ìyá máa gbé ọmọ báyìí, kí ó má gbé e báyìí. Faransé rẹ̀ já gaara, kò sì sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà àfi pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló yẹ kó sọ. Mesié Mùhámmádù ń fi máàkì sí i, ó ń fi sí i. Abọ́sẹ̀dé jókòó. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmú, ó sì ń wo ètè Hàwáù tó ń funfun, kò sì dìde.

Hàwáù yán. Ó tún yán. Ó yán ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ sì yọ̀ kúrò lára ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Jàríátù dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó sáré kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ. "Ìyá, ẹ dákun, àwọn aṣọ tí ẹ ti pààrọ̀ lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dà?"

Obìnrin náà wo Mesié Mùhámmádù, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èyí kọ́ la ń sọ lójú ọkùnrin, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, Ìyá. Èmi nìkan ni kí ẹ fi hàn."

Ìyá náà fi ẹsẹ̀ fa agbada kan jáde lábẹ́ ibùsùn, wọ́n fi ọpọ́n dé e lórí. Jàríátù ṣí i. Láti orí àga rẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé ti rí i pé agbada náà kún fún aṣọ ẹlẹ́jẹ̀.

Kí ló tún kù tí kò mọ̀? Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ìyálọ́mọ kì í ṣe ohun tí ojú ń rí. Bí aṣọ bá ti rin, ìyá ọkọ á yọ ọ́, á tẹ́ òmíràn, á bo èyí tó rin mọ́lẹ̀ títí yóò fi ráyè fọ̀ ọ́, kí ojú má bàa ti aya ọmọ rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn, ìfẹ́ sì ni lóòótọ́. Ìyá ọkọ tí kò bá ṣe é, wọ́n á bú u. Agbẹ̀bí tó ń yí yàrá ká láàárọ̀, aṣọ mímọ́ ló ń bá ní gbogbo ìgbà.

Jàríátù kò sọ Faransé mọ́. "Ìdánwò ti tán! Ẹ wá!" ló kígbe ní Yorùbá, ó sì ti gbé ọwọ́ lé ikùn Hàwáù lábẹ́ ìdodo, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ra á. "Ilé ọmọ rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀! Ẹ pe dókítà!" Aṣọ funfun tí gbogbo wọn ti wò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú wọn.

Ìgbà náà ni Abọ́sẹ̀dé tó dìde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ló pọ̀ lórí ibùsùn náà. Abọ́sẹ̀dé wá iṣan, ó fi omi sí i. Mesié Mùhámmádù gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì. Dókítà dé, ó ní díẹ̀ nínú ibi ọmọ ló ṣẹ́ kù sínú, wọ́n sì ti Hàwáù lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, Jàríátù ń bá wọn sáré, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níkùn aláìsàn títí ilẹ̀kùn fi padé mọ́ ọn.

Mesié Mùhámmádù jókòó padà, ó nu ojú. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kì í fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọmọ náà mọ̀ ọ́n," ló wí. "Àmọ́ ó pẹ́, Madámù. Ó kà á, ó rí i, ó sì fi í sílẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ ọmú. Tó bá ṣe irú èyí ní abúlé kan tí kò sí dókítà ńkọ́? Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e kọjá."

Òtítọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Abọ́sẹ̀dé ní òun ń bọ̀.

Ó bá Jàríátù nídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn yàrá, ó ń fọ ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, ó ń ha á, kò lọ. Nígbà tó rí Abọ́sẹ̀dé, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Màmá?"

"Mo ní ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀."

"Nígbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Iṣan rẹ̀ ń sáré, òógùn sì wà lójú rẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé irọ́ ni aṣọ yìí ń pa."

"Kí ló wá dé tí o fi í sílẹ̀? Kí ló gbé ọ dé ìdí ọmú?"

Jàríátù ti ẹ̀rọ omi náà.

"Mo wo ojú yín," ló wí.

"Ojú mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀yin náà ti rí òógùn yẹn. Mo rí i pé ẹ rí i. Ẹ ò sì dìde. Mo wá rò ó pé, bí ẹni tó mọ̀ jù mí lọ bá rí i tó sì jókòó, á jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí mo rò ni. Ta ni èmi tí màá máa pariwo níbi tí ẹ̀yin dákẹ́ sí?"

"Kí ló wá mú ọ pariwo?" ni Abọ́sẹ̀dé bi í.

"Ó ń yán bí ẹni tí èémí fẹ́ tán nínú rẹ̀. Nígbà tó yán lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbàgbé yín." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀. "Ṣé ó máa yè?"

"Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára."

"Ṣé ẹ máa kọ ọ́ pé mo pẹ́?"

Abọ́sẹ̀dé yí padà, ó ń lọ. Kì í ṣe Jàríátù nìkan ló ń rò mọ́. Tèmilọlá ló ń rò, ọmọ Kambolé tó dúró gbọnrangandan lẹ́bàá ibùsùn ẹni tí kò lè mí dáadáa lọ́dún tó kọjá, tí ètè rẹ̀ ń mì tí ọ̀rọ̀ kò jáde. Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé ọmọ náà kò lè ronú, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ sì nìyẹn. Tèmilọlá ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá ọjà Sokodé báyìí. Tó bá rí Abọ́sẹ̀dé, á kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà títì kí i, á ní ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, ibo ni ojú ọmọ náà wà? Abọ́sẹ̀dé dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rántí. Ojú òun ló ń wò, ó wò ó títí àkókò fi tán, òun sì rò pé ọ̀dẹ̀ ló ń wo òun.

Ìyá ọkọ Hàwáù jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ọmọ tuntun wà lórí itan rẹ̀, agbada wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ti da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù. Ó di ìró Abọ́sẹ̀dé mú bó ṣe ń ti ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ bọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo pa á?"

"Kò kú, Ìyá. Ẹ̀jẹ̀ náà ti dá, wọ́n ti yọ ohun tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ó ti béèrè ọmọ rẹ̀."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Mi ò fẹ́ kí ojú tì í ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i."

"Mo mọ̀," ni Abọ́sẹ̀dé wí. Ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ bo nǹkan mọ́lẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Mesié Mùhámmádù, kò jókòó. "Mo rí òógùn rẹ̀ kí ọmọ náà tó fọwọ́ kàn án," ló wí. "Nígbà tó béèrè omi, ó dá mi lójú. Òfin ní kí n dìde, mi ò dìde."

Mesié Mùhámmádù gbé ojú sókè. "Ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ, Madámù?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà ń wo ojú mi láti mọ̀ bóyá òun ṣìnà. Ìdákẹ́ mi ló ṣì í lọ́nà. Ìdánwò yẹn kò ṣeé kà, kí olùdánwò mìíràn tún un ṣe fún un."

"Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé ẹ rí i tí ẹ sì jókòó. Àga yìí lè bọ́ lọ́wọ́ yín."

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí."

Ọkùnrin náà ń yí bírò láàárín ìka. "Wọ́n á ní torí pé ọmọ ìlú yín ni."

"Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀," ni Abọ́sẹ̀dé wí. Ọ̀rọ̀ tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu ara rẹ̀ ló fi gbà á. Ó dùn ún bó ṣe rò pé yóò dùn ún.

Ọ̀gá kò ní dé kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó sì ku akẹ́kọ̀ọ́ kan. Mesié Mùhámmádù ní kí wọ́n jọ parí iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bọ́ sí yàrá àwọn ọkùnrin, níbi tí bàbá arúgbó kan ti na ẹsẹ̀ tó wú sórí ibùsùn, ara rẹ̀ yá, ó ń bi wọ́n bóyá oúnjẹ wà nínú ìdánwò wọn. Abọ́sẹ̀dé jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn.

Túndé wọlé. Ọmọ Kambolé lòun náà, gíga bí òpó, ẹ̀wù rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́. Ó kí wọn ní Faransé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún bàbá. Abọ́sẹ̀dé na ọwọ́ sí ibùsùn, ó ní aláìsàn rẹ̀ nìyẹn. Túndé kò wo ibi tó na ọwọ́ sí. Ojú Abọ́sẹ̀dé ló ń wò.

Abọ́sẹ̀dé dìde. Ó gbé àga rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn ọmọ náà lẹ́bàá ògiri, ó sì jókòó síbẹ̀. Túndé yí ọrùn tẹ̀ lé e.

"Má wò mí, Túndé," ló wí fún un ní Yorùbá, lójú Mesié Mùhámmádù. "Bàbá ni kí o wò."

"Ẹ ṣeun, Màmá."

Ọmọ náà yíjú sí ibùsùn. Ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ tó wú náà. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án, ó tún bojú wẹ̀yìn wo Abọ́sẹ̀dé.